Ajá tó ń gbọ̀n nínú ọkọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ajá yín máa ń gbọ̀n, itọ́ á máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀, á sì ti bì kí ẹ tó kúrò ní Òṣogbo dé Gbọ̀ngán. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an.

Ẹ jẹ́ kí ìrìn àjò ṣì dúró ná. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ nínú ọgbà, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ẹran díẹ̀ síbẹ̀, kó wọlé fúnra rẹ̀, kó sì jáde nígbà tó bá wù ú. Bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì láìlọ ibì kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e yí àdúgbò ká. Òkè-Fìà sí Ọlá-Ìyá péré, nínú Òṣogbo, lèmi fi bẹ̀rẹ̀, ó sì gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe oríkunkun.

Ẹ má fún un lóúnjẹ ní nǹkan bíi wákàtí 3 ṣáájú ìrìn àjò, àmọ́ ẹ má fi omi dù ú. Bí èébì náà kò bá dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹranko, oògùn wà fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní oògùn èèyàn. Ẹ má sì tì í mọ́ inú ọkọ̀ nínú oòrùn, bó ti wù kí àkókò náà kéré mọ. Ooru yẹn máa ń pa ajá.