Kí ló ń jẹ́ kí ìbọn ìléwọ́ àlòkù máa há?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní àbúrò yín tó wà ní Texas ra ìbọn ìléwọ́ àlòkù, tó bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ìkarahun ọta á há síbi tó yẹ kó ti fò jáde. Mágásìnì, ìyẹn àpò irin tí wọ́n ń to ọta sí, ni kó kọ́kọ́ fura sí o, kó fi òmíràn dán an wò kó tó náwó kankan. Tí ò bá lọ, kó yọ mágásìnì, kó yọ ọta tó wà nínú ihò ẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, kó wá fọ ìdọ̀tí abẹ́ extractor (ìkọ́ kékeré tó ń fa ìkarahun ọta jáde), kó sì pààrọ̀ sípíríǹgì tó ń dá slide (irin òkè ìbọn tó ń lọ síwájú-sẹ́yìn) padà, torí ti àlòkù sábà máa ń ti rẹ̀. Ọwọ́ tí ò dì í mú dáadáa náà ń fà á. Kó má fi fáìlì ha nǹkankan!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kubwa, l'Ábújá níbí, ẹ má dán an wò pé ẹ fẹ́ ní ìbọn ìléwọ́ o, láìsí láísẹ́ǹsì Ààrẹ, òfin Nàìjíríà ò gbà á.