Ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ wo la ó kọ̀wé sí ní British Columbia?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà wa. Ẹgbẹ́ Yorùbá wa ní Vancouver ń palẹ̀ ayẹyẹ mọ́, a sì fẹ́ kí ọmọ ìbílẹ̀ kan wá kí àlejò káàbọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí. Ẹgbẹ́ mẹ́ta la rí: Union of BC Indian Chiefs, First Nations Summit àti BC Assembly of First Nations. Èwo ni ká kọ̀wé sí?

Ìdáhùn: Kò sí ìkankan níbẹ̀. Iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí wọ́n máa bá ìjọba fa ọ̀rọ̀. Àwọn kọ́ ló ni ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ jó lé. Ẹ̀yà Musqueam, Squamish àti Tsleil-Waututh ló ni Vancouver. Ọ́fíìsì wọn ni kí ẹ kọ̀wé sí, kó má sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ. Ẹ béèrè iye tí ẹ máa fún ẹni tó bá wá, kì í ṣọ̀fẹ́.

Ohun tó jẹ́ kí ẹgbẹ́ pọ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ British Columbia, ìjọba gbà á láìbá onílẹ̀ ṣàdéhùn kankan. Lọ́dún 1913, àwọn Nisga'a, ẹ̀yà kan níbẹ̀, kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó kẹ́yìn nígbà náà fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1916, oríṣiríṣi ẹ̀yà para pọ̀ di Allied Tribes kí wọ́n lè jọ ti ọ̀rọ̀ náà débẹ̀. Ìrètí wọn kì í ṣe lásán: Privy Council yìí kan náà ló dá Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, láre lórí ilẹ̀ Apápá ní 1921. Àmọ́ ní 1927, ìjọba àpapọ̀ Kánádà ní Ottawa ṣòfin pé lọ́yà tó bá gbowó lọ́wọ́ ọmọ ìbílẹ̀ láti fi ja ẹjọ́ ilẹ̀, láìgbàṣẹ ìjọba, ti di ọ̀daràn. Ẹni tó kàn ń dáwó jọ fún un pàápàá ò bọ́. Allied Tribes tú ká, òfin náà sì wà títí di 1951.

Ìbínú ló bí Union ní 1969, nígbà tí ìjọba Pierre Trudeau, olórí ìjọba Kánádà nígbà náà, dábàá pé kí wọ́n fagi lé ipò ọ̀tọ̀ tí òfin fún ọmọ ìbílẹ̀. Ìlú Kamloops làwọn olóyè ti pàdé. Nínú ẹjọ́ ilẹ̀ àwọn Nisga'a tí wọ́n ń pè ní Calder, ní ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà ní 1973, Adájọ́ Hall tọ́ka sí ẹjọ́ Olóyè Olúwa wa yẹn. Nígbà tó di ọdún 1990 síwájú, ìjọba ṣe tán láti ṣàdéhùn lórí ilẹ̀. Àwọn ẹ̀yà tó gbà wà nínú Summit. Union ní àwọn ò ní bá wọn fọwọ́ sí ohun tó máa gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ọmọ wọn. Assembly ní tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ti gbogbo Kánádà. Látọdún 2005 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń jọ sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba.

Bí ẹ bá gbé ayẹyẹ náà lọ sí Surrey, ilẹ̀ onílẹ̀ míì nìyẹn: Katzie, Kwantlen tàbí Semiahmoo ni kí ẹ kọ̀wé sí.