Ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ka fẹnu kò sórí ìwọ̀n kan kí ẹ tó gba aláìsàn mìíràn

Dókítà, ẹ ní ẹ ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ohun tó ń ṣe fún ara àwọn tó ń gba ìtọ́jú ní ẹ̀ka mẹ́rin ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn yín: ẹ̀ka aboyún, ẹ̀ka ojú, ẹ̀ka kíndìnrín, àti wọ́ọ̀dù àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù. Ẹ ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìlànà ìwádìí ti fọwọ́ sí i, àwọn kọ́ńsọ́tánǹtì náà ti gbà, síbẹ̀ oṣù ń gorí oṣù, àwọn aláìsàn tí ẹ rí kò tó nǹkan, ohun tí ẹ̀ka kan kọ sílẹ̀ kò sì bá ti èkejì mu. Ohun tí ẹ wá béèrè ni bóyá kí ẹ fi ẹ̀ka kan kún un kí iye ènìyàn lè pọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì ni mí, iṣẹ́ olùṣètò ìwádìí ni mo sì ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ní ilé ìwòsàn tó jọ tiyín, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń wá láti ìlú kéékèèké, láti oko, àti láti ìpínlẹ̀ tó múlé tì wá. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má fi ẹ̀ka kankan kún un. Bí ẹ̀ka mẹ́rin kò bá tíì máa wọn nǹkan kan náà ní ọ̀nà kan náà, ìkarùn-ún yóò kàn dá kún àríyànjiyàn ni, àkójọ yín yóò sì pọ̀ láìní ìtumọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mú àkọsílẹ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ti ní jáde, kí ẹ sì wo nọ́ńbà tó kẹ́yìn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀rọ àfọwọ́fún, ìbáà jẹ́ ti mẹ́kúrì tàbí èyí tó ní ojú bíi ti aago, máa ń ní àmì ní méjì méjì, nítorí náà, bí ẹni tó ń wò ó bá kọ ohun tó rí gan-an, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló yẹ kó parí sí òdo. Ti ẹ̀rọ oníná, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ẹ bá wá rí i pé èyí tó pọ̀ jù lọ ló parí sí òdo, tó jẹ́ pé 120/80, 130/80 àti 140/90 ló kún ojú ìwé, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ń fojú díwọ̀n ni. Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, kílíníìkì aboyún ni èyí ti burú jù, kì í sì í ṣe nítorí pé àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ya ọ̀lẹ. Láti ìdájí ni àwọn aboyún á ti kún orí àga, àwọn nọ́ọ̀sì díẹ̀ ni yóò wọn ìwúwo wọn, ìfúnpá wọn àti ìtọ̀ wọn kí dókítà tó dé, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ yóò sì máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá wà nínú irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ yóò kọ òdo tó bá sún mọ́ ọn jù lọ. Ó lè má fi bẹ́ẹ̀ ba ìtọ́jú ọjọ́ náà jẹ́, ṣùgbọ́n 140/90 ni ààlà tí ẹ̀yin fi pín àwọn aboyún sí ọ̀nà méjì nínú ìwádìí yín, obìnrin tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 136/86 tí wọ́n sì kọ sí 140/90 ti bọ́ sí ìhà kejì láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe é.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tí a ń dì mọ́ apá tún wà níbẹ̀. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà gbé èsì kan jáde tó fi hàn pé bí a bá fi aṣọ tó wọ́pọ̀ wọn ẹni tí apá rẹ̀ nílò èyí tó tóbi jù lọ, ìfúnpá òkè, ìyẹn nọ́ńbà àkọ́kọ́ nínú méjèèjì, máa ń fi nǹkan bí 19.5 ga ju bó ṣe yẹ lọ. Iye yẹn tó láti sọ ẹni tí ara rẹ̀ le di aláìsàn lórí ìwé. Ẹ lọ wo iye aṣọ tó wà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwòsàn yín kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Èmi kò tíì dé wọ́ọ̀dù kan tí kì í ṣe pé èyí tó tóbi ti ya, tàbí pé ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti lọ sílé.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún wa nígbẹ̀yìn ni pé a fi owó ìwádìí ra ẹ̀rọ oníná irú kan náà fún gbogbo ẹ̀ka, pẹ̀lú aṣọ kékeré, ti àárín àti ńlá. A kọ ìlànà lílò rẹ̀ sí ojú ìwé kan, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: kí aláìsàn fi ẹ̀yìn ti àga fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá rẹ̀ wà ní ìbádọ́gba pẹ̀lú ọkàn, kí a wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí a sì kọ méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe rí. A tún sọ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan pé ẹ̀rọ náà kò ní kúrò lọ́dọ̀ wọn nígbà tí ìwádìí bá parí. Ìlérí yìí ṣe ju lẹ́tà tí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn buwọ́ lù lọ, nítorí láti ọjọ́ náà ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ yẹn bí ohun ìní wọn. Àmọ́ kí ẹ tó rà á, ẹ rí i dájú pé wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò lára aboyún. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ oníná máa ń dín ìfúnpá kù sí bó ṣe wà gan-an lára aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti ń da prótéènì sínú ìtọ̀, àwọn gan-an sì ni ẹ ń wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kéré sí iṣẹ́ dókítà, ẹ rán an létí ìwádìí E-MOTIVE tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023. Ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Gúúsù Áfíríkà ló kópa nínú rẹ̀, àwọn obìnrin tó bímọ láìsí iṣẹ́ abẹ níbẹ̀ sì lé ní 210,000. Dípò kí agbẹ̀bí máa fojú díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tó dà lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ ìyá náà, wọ́n sì ní kí ìtọ́jú tó yẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé ojú àmì. Níbi tí wọ́n ti lo ètò yìí, wọ́n rí ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń dà jù. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe látẹ̀yìnwá, ìdá 51 ni. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà púpọ̀púpọ̀, tàbí tí wọ́n ní láti la ikùn wọn, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dídà náà pa, jẹ́ 1.6 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí wọ́n ti lo ètò náà, 4.3 níbi tí wọn kò ti lò ó. Kò sí oògùn tuntun nínú gbogbo rẹ̀.

Ní ti kíndìnrín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka náà àti lọ́wọ́ láàbù, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, irú ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ agbára iṣẹ́ kíndìnrín láti ara creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń yọ dànù. Ìṣirò CKD-EPI ti 2009 máa ń sọ èsì aláwọ̀ dúdú di ìlọ́po 1.159, èyí tó jáde ní 2021 ti yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kúrò pátápátá. Ẹni kan náà àti ẹ̀jẹ̀ kan náà lè wà lókè ààlà 60 nínú ìṣirò kan, kí ó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú èkejì. Nítorí náà, ẹ má gba èsì tí wọ́n ti ṣírò. Iye creatinine gan-an ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kí ẹ wá fi ìṣirò kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra yín.

Ti ojú kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti díwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ tó, àwọn kan ṣì ń lo ìpele mẹ́rin ti Keith, Wagener àti Barker tó ti wà láti 1939, àwọn kan ti fi í sílẹ̀ fún ti ìgbàlódé. Ẹ mú ọ̀kan, kí dókítà méjì tí kò mọ ìfúnpá aláìsàn wo àwòrán ẹ̀yìn ojú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí onímọ̀ ìṣirò sì bá yín wo bí wọ́n ṣe bára wọn mu tó.

Ọjọ́ orí ni àwọn ọ̀dọ́ dókítà kì í fura sí rárá, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìṣirò kíndìnrín, ó sì ṣe pàtàkì nínú ọ̀rọ̀ rọpárọsẹ̀. Mo ti rí bàbá kan náà tó jẹ́ ẹni ọdún 70 lórí káàdì kan àti ẹni ọdún 82 lórí òmíràn, nítorí pé ọmọ tó mú un wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí èyí tó mú un wá lẹ́yìn náà. Ẹ ò ní láti dá ọgbọ́n tuntun. Láti 1963 ni àkójọ ìṣẹ̀lẹ̀ Ajayi àti Igun ti wà, èyí tí wọ́n fi ń mọ ọdún tí àgbàlagbà tí kò ní ìwé ẹ̀rí ìbí wáyé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adesola Ogunniyi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i láti mọ bó ṣe péye tó. Fún àwọn àgbà òde òní, àwa máa ń béèrè bóyá ọwọ́ wọn ti kan etí kejì nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní 1955, àti bóyá wọ́n ti ní ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí owó náírà dé ní 1973. Ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Indianapolis ní 1992 fi yé wa ohun tí irú sùúrù yìí lè so. Ohun èlò kan náà ni wọ́n fi yẹ àwọn ará ìlú méjèèjì wò, ìdí nìyẹn tí ayé fi gba èsì 2001 gbọ́, pé lọ́dọọdún, 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbà ní Ìbàdàn ni àrùn náà ń mú, nígbà tó jẹ́ 3.24 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis.

Nísinsin yìí, ọ̀rọ̀ iye ènìyàn tó ń kó yín lọ́kàn sókè. Kí ẹ tó sọ pé aláìsàn kò tó, ẹ ṣí ìwé kan fún àwọn tí ẹ kò gbà, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí iwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní wọ́ọ̀dù rọpárọsẹ̀, ẹ óò rí i pé àwọn tó ṣaláìsí kí wọ́n tó rí owó CT, ìyẹn àwòrán inú ọpọlọ, san pọ̀, àwọn tí ẹbí buwọ́ lùwé láti gbé lọ sílé kò sì kéré. Bí ẹ bá ní dandan kí ẹni tó máa kópa ti ṣe CT, tí ẹ kò sì san án fún un, ìwádìí lórí àwọn tó lówó lọ́wọ́ ni ẹ ń ṣe. Ìwádìí SIREN tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Gánà, tí èsì ńlá rẹ̀ jáde ní 2018 tó sì fi ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe olórí ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀, lo àwòrán ọpọlọ láti fìdí àrùn náà múlẹ̀, ṣùgbọ́n owó ńlá láti òkè òkun ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ owó àpò rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn dókítà tó ṣì ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe, ẹ yí ohun tí ẹ fi ń gba ènìyàn padà, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan pamọ́ nínú ìwé yín. Ẹ máa kọ déètì ìyanṣẹ́lódì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, nítorí irú ènìyàn tó ń wá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àti irú èyí tó ń wá lẹ́yìn rẹ̀ kì í dọ́gba.

Ní ti ìyọ̀ǹda, òfin ìlera ti 2014 ti ní kí ó wà ní kíkọ sílẹ̀, mi ò sì ní tẹnu mọ́ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ má jẹ́ kí dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ta ni yóò sọ pé òun kò ṣe fún ẹni tí ẹ̀mí òun wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ fi ìgò ẹ̀jẹ̀ náà han àwọn àgbà, kí ẹ sọ pé ohun tó wọ inú rẹ̀ kò ju ṣíbí tíì kan lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bá àwọn ọmọ wọn sọ ọ́ títí di ọjọ́ kejì. Kò yẹ kí ẹ̀rù wọn bí yín nínú, lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò ní 1996 nígbà tí wọ́n dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Bí èsì bá dé, ẹ pè wọ́n kí ẹ sọ ọ́ fún wọn. Àwọn tí a pè báyìí ló máa ń mú aládùúgbò wọn wá.

Ó ku àwọn tí ẹ ti gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ má da àkọsílẹ̀ wọn nù, ẹ má sì pò ó pọ̀ mọ́ ti tuntun. Ẹ yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdánwò àkọ́kọ́, kí ẹ sì kọ lẹ́tà àtúnṣe sí ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí kí ẹ tó lo ìwọ̀n tuntun lára ẹnikẹ́ni. Bí ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ẹ fẹ́ fi di dókítà àgbà bá ti sún mọ́, ẹ̀ka méjì péré ni kí ẹ fi kọ ìwé yín. Aboyún àti kíndìnrín ni èmi yóò mú, bí ó bá jẹ́ pé láàbù kan náà ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ọ̀gá yín lè má fẹ́ gbọ́ pé a dín ẹ̀ka kù, pàápàá bí ó bá ti ṣèlérí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé orúkọ wọn yóò wà nínú ìwé náà. Ẹ má bá a jiyàn lẹ́nu lásán. Ẹ tẹ ojú ìwé ìfúnpá yẹn jáde, kí ẹ fi bírò pupa yí gbogbo èyí tó parí sí òdo po, kí ẹ sì gbé e ka iwájú rẹ̀.