Ẹ Bi Wá: Ohun Tí Ọ́fíìsì INEC Ìjọba Ìbílẹ̀ Ń Ṣe Kí Ọjọ́ Ìbò Tó Pé

Lẹ́tà tí ẹ kọ ránṣẹ́ lórí ètò ìdìbò pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tó jẹ mọ́ ọ́fíìsì INEC, àjọ elétò ìdìbò, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín la mú dáhùn. Ìbò gbogboogbò 2023 la fi ṣe òdiwọ̀n, Òfin Ìdìbò 2022 tí wọ́n sì lò fún un la tẹ̀ lé.

Ojoojúmọ́ ni mo ń gba iwájú ọ́fíìsì INEC kọjá bí mo bá ń lọ sọ́jà. Ìbò ṣì jìnnà, síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde. Kí ni wọ́n ń rí ṣe níbẹ̀? (Oníṣòwò, Abẹ́òkúta)

Ẹ ṣeun, mà. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, INEC sì ní ọ́fíìsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. EO ni wọ́n ń pe ọ̀gá ibẹ̀. Kọmíṣọ́nnà àjọ náà tó wà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ ló ń jábọ̀ fún. Gbogbo wọ́ọ̀dù àti gbogbo ibùdó ìdìbò tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, ọwọ́ EO ni wọ́n wà.

Nígbà tí ariwo ìbò kò tíì sọ, ibùdó ìdìbò ló ń gba àkókò wọn jù. Láti 1996 títí di 2021, ibùdó 119,973 náà ni gbogbo wa ń lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìlú ti fẹ̀ kọjá bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní 2021 ni àjọ náà sọ ọ́ di 176,846. Lásìkò yẹn náà ni wọ́n kó ibùdó 749 kúrò níbi tí kò bójú mu: 232 wà ní ilé àdáni, 145 wà láàfin ọba, 21 wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, 6 wà ní mọ́ṣáláṣí, 9 sì wà ní ojúbọ. Wọ́n ṣí ìyókù nípò nítorí ọ̀nà jíjìn, èrò tó pọ̀ jù tàbí ààbò. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe níbẹ̀. Ta ni yóò dúró sí àgbàlá olóyè, kí ó sì tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ tí olóyè kò fẹ́, kí àyà rẹ̀ má já?

Àmọ́ ibùdó tí a ti yàn náà ń fẹ́ àbójútó. Òṣìṣẹ́ ní láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀ wò ó. Ṣé ilé-ìwé náà ṣì wà, àbí ìjì ti ká òrùlé rẹ̀ lọ? Ṣé bọ́ọ̀sì lè débẹ̀ lásìkò òjò? Ṣé àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò ní í dí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lọ́wọ́? EO tó bá jókòó sí ọ́fíìsì tó ń lo àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àárọ̀ ọjọ́ ìbò ni yóò gbọ́ pé ibùdó kan ti di ilé epo.

Lẹ́yìn èyí ni ti orúkọ olùdìbò. Kí ìbò 2023 tó wáyé, wọ́n pàtẹ orúkọ síta láti ọjọ́ 12 sí 25 oṣù Kọkànlá, 2022, kí aráàlú lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kọ̀ǹpútà àjọ náà ti yọ 2,780,756 kúrò nínú 12,298,944 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀, nítorí pé àkọsílẹ̀ wọn kò bófin mu, bíi ti ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé Bàbá tó wà nílé kejì ti kú, kò sì mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìdínlógún. Aládùúgbò nìkan ló mọ̀. Tí wọ́n bá tún pàtẹ orúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà wò ó bí ẹ bá ń lọ sọ́jà.

Wọ́n ní iná jó káàdì ìdìbò nígbà kan. Bí káàdì mi bá wà nínú irú iná bẹ́ẹ̀, ṣé orúkọ mi ti lọ nìyẹn? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ìjẹ̀bú-Òde)

Rárá o. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, 2022, wọ́n dáná sun ọ́fíìsì INEC Gúúsù Abẹ́òkúta. Àpótí ìbò 904 jóná, àpò ohun èlò ìdìbò 57 jóná, káàdì 65,699 tí àwọn tó ni wọ́n kò tíì wá gbà sì jóná pẹ̀lú. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni wọ́n kọlu ọ́fíìsì Gúúsù Ẹdẹ ní Ọ̀ṣun. Àkọsílẹ̀ orúkọ yín, ìka yín àti ojú yín kò sí nínú káàdì nìkan, wọ́n wà nínú kọ̀ǹpútà àjọ náà, ìdí sì nìyẹn tí INEC fi lè kéde pé òun yóò tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀.

Ẹ má fi èyí ṣe ìdí láti jẹ́ kí káàdì yín pẹ́ níbẹ̀. Ní 2023, 93,469,008 ni orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò, 87,209,007 ló gba káàdì. Ó ju mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn tí kò gba tirẹ̀. Wọ́n gbé káàdì lọ sí wọ́ọ̀dù láti ọjọ́ 6 sí 15 oṣù Kìíní, wọ́n sì sún òpin rẹ̀ síwájú títí di ọjọ́ 5 oṣù Kejì. Ohun tó ń fa ìjà lórí ìlà ni pé wọn kì í to káàdì bí orúkọ nìkan, nọ́ńbà ibùdó ni wọ́n fi ń tò ó. Nọ́ńbà ìpínlẹ̀ ló ṣáájú (27 ni Ògùn, 24 ni Èkó, 30 ni Ọ̀yọ́), ti ìjọba ìbílẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wọ́ọ̀dù, kí ó tó kan ibùdó. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà yìí lọ, wàràwàrà ni wọn yóò bá a rí káàdì rẹ̀. Ẹni tó bá ní “ibùdó tó wà lábẹ́ igi máńgòrò” lòun ti forúkọ sílẹ̀ yóò dúró títí. Ẹ sì lọ fúnra yín. Kì í ṣe ohun tí a ń rán ọmọ lọ gbà.

Ọ́fíìsì INEC kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú sí ibùdó wa, síbẹ̀ aago mọ́kànlá ni àwọn òṣìṣẹ́ dé. Kí ló fà á? (Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn)

Sà, aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ló yẹ kí ìbò bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ibùdó kan bá pẹ́, ọ̀rọ̀ náà sábà ti bàjẹ́ láti ọjọ́ Ẹtì.

Ìwé ìdìbò àti ìwé èsì kì í gbé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀ka Báńkì Àpapọ̀ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí. Nígbà tí ìbò bá ku ọjọ́ díẹ̀, EO yóò lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá, níṣojú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú àti àwọn akọ̀ròyìn, wọn yóò sì yẹ nọ́ńbà ara àwọn páálí wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kó o dé, kò ní í sùn lóru ọjọ́ náà. Wọn yóò pín in sí wọ́ọ̀dù, wọn yóò tún pín ti wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sí ibùdó ibùdó. Lọ́jọ́ ìbò ààrẹ, oríṣi ìbò mẹ́ta ló wà pọ̀: ti ààrẹ, ti sẹ́nétọ̀ àti ti aṣojú-ṣòfin. Ìwé ìdìbò mẹ́ta, ìwé èsì mẹ́ta, fún ibùdó kan ṣoṣo. Ìwé èsì tí wọ́n ń pè ní EC8A ti ní orúkọ ibùdó àti nọ́ńbà rẹ̀ lára láti ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Bí èyí tó jẹ́ ti ibùdó 004 bá wọ àpò 014, ibùdó méjèèjì ni kò lè ṣiṣẹ́, ó sì di dandan kí ẹnì kan gun ọ̀kadà lọ pààrọ̀ rẹ̀ láàárín wọ́ọ̀dù méjì tí wọn kò ti jẹ́ kí ọkọ̀ rìn.

Láti ibẹ̀, ẹrù lọ sí ilé-ìwé kan nínú wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní RAC. Ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ sùn mọ́jú ọjọ́ ìbò. Bí kò bá sí iná, omi àti ẹní níbẹ̀, àwọn àgùnbánirọ̀ yóò lọ sùn sílé ọ̀rẹ́, òwúrọ̀ wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká. Ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kan, ẹní àti ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lè gba wọ́ọ̀dù kan lọ́wọ́ ìdádúró wákàtí méjì.

Ọkọ̀ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, sà. INEC máa ń bá ẹgbẹ́ onímọ́tò NURTW àti RTEAN tọwọ́ bọ̀wé, ní àwọn ibi tí omi wà, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ojú omi náà wà níbẹ̀. Àmọ́ orí ìwé ni àdéhùn yẹn wà. Bọ́ọ̀sì tó bá dé wọ́ọ̀dù yín jẹ́ ti dírẹ́bà tó ní ìdílé, tí kò sì ní í da epo sínú ọkọ̀ láìjẹ́ pé ó rí nǹkan gbà. Ní 2023 tí owó náírà ṣọ̀wọ́n ní báńkì, ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ló ní owó lọ́wọ́ lòun ń gbà, òun kò gba ìlérí. Bí bọ́ọ̀sì mẹ́wàá bá yẹ kó wá, tí méje dé, bọ́ọ̀sì kan yóò gbé ibùdó mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò máa já wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ibùdó yín bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn ní ipa ọ̀nà náà, ogún ìṣẹ́jú tí ẹ wí kò wúlò mọ́.

Èrò tiwa ni pé EO tó bá gba nọ́ńbà ọkọ̀ àti fóònù dírẹ́bà ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tó rí ọkọ̀ náà lójú, tó kọ ipa ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀, tó sì san apá kan owó rẹ̀, òun ni yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ìnira ìkẹ́rù kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀ nìkan. Ní 2019, òru mọ́jú ọjọ́ 16 oṣù Kejì tí ìbò ààrẹ yẹ kó wáyé ni wọ́n tó sún un sí ọjọ́ 23.

Àgùnbánirọ̀ ni mí, wọ́n ti yàn mí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó ibùdó. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò? (Àgùnbánirọ̀, Oṣogbo)

Yẹ gbogbo rẹ̀ wò ní RAC, má dúró di ibùdó. Tan BVAS, ẹ̀rọ tó ń fi ìka àti ojú dá olùdìbò mọ̀: ṣé orúkọ ibùdó rẹ ló wà lójú rẹ̀? Ṣé ọjọ́ àti aago rẹ̀ tọ̀nà? Ṣé ó ti gba iná kún? Bí aago rẹ̀ bá yàtọ̀, ó lè má ṣí fún iṣẹ́. Ka ìwé ìdìbò, fi nọ́ńbà rẹ̀ wé ohun tó wà nínú ìwé tí o fọwọ́ sí. Ṣí EC8A wò. Wo òǹtẹ̀ àti páàdì rẹ̀, bírò tó ń fi àmì sí ìka olùdìbò, àpótí, ibi ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ̀ka, àpòòwé tí kò ṣeé ṣí láìhàn. Ohun kékeré ló ń dá ibùdó dúró. Páàdì òǹtẹ̀ tó gbẹ pọ̀ ju BVAS tó bàjẹ́ lọ.

APO I (olùrànlọ́wọ́ rẹ kìíní) ni yóò di BVAS mú. APO II (olùrànlọ́wọ́ rẹ kejì) ni yóò fi àmì sí orúkọ nínú ìwé, tí yóò sì kun ìka. Ìwọ ni yóò fọwọ́ sí ẹ̀yìn ìwé ìdìbò, tí yóò sì lu òǹtẹ̀ kí o tó fún olùdìbò. Má fi eléyìí ṣeré rárá. Ìwé tí kò ní àmì àjọ lára lè di èyí tí wọn kò kà, olùdìbò tó dúró sínú oòrùn kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Bí kò bá sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní abúlé wa, ṣé a kò ní í lè dìbò? (Àgbẹ̀, Òkè-Ògùn)

Ẹ ó dìbò, sà. BVAS kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti dá yín mọ̀, nítorí pé orúkọ àwọn olùdìbò ibùdó yín ti wà nínú rẹ̀. Ìka ni yóò kọ́kọ́ gbìyànjú. Iṣẹ́ oko máa ń pa ìlà ìka rẹ́, bí kò bá gbà á, yóò ya ojú. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní RATECH wà ní wọ́ọ̀dù láti tún un ṣe tàbí láti gbé òmíràn wá. Ìgbà tí ẹ ó nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi àwòrán EC8A ránṣẹ́ sí IReV, ibi tí gbogbo ayé ti lè wo èsì. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n lè gbé ẹ̀rọ lọ síbi tó wà.

Ti èsì ààrẹ 2023 tó kọ̀ láti wọ IReV, INEC ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba èsì ni àṣìṣe ti wá. EO yín kò lè tún ìyẹn ṣe. Ibùdó 436 péré ni wọ́n ti dán BVAS wò ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, 2023. Ó kéré jù lójú wa.

Ṣé orúkọ olùdíje yóò wà lórí ìwé ìdìbò? (Ìyá arúgbó, Adó-Èkìtì)

Kò ní í sí, Mama. Àmì ẹgbẹ́ àti ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ni ẹ ó rí. Ẹgbẹ́ 18 ló wà lórí rẹ̀ ní 2023. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi àmì ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ hàn yín kí ẹ tó kúrò nílé.

Wọ́n fagi lé èsì ibùdó wa, wọ́n ní ìbò pọ̀ ju olùdìbò lọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀? (Aṣojú ẹgbẹ́, Iléṣà)

Iye tí BVAS kà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ̀rọ bá kà 212, tí ìwé inú àpótí jẹ́ 215, wọn yóò fagi lé e, ì báà jẹ́ pé ènìyàn 700 ló forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, aṣojú ẹgbẹ́, ẹ kọ iye tó wà lójú BVAS sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí àpótí, ẹ sì rí i pé iye kan náà ni wọ́n kọ sínú EC8A kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Iye yìí kan náà ni ẹjọ́ ìbò gómìnà Ọ̀ṣun tí wọ́n dì ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, 2022 dá lé, ó sì dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 2023. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kò fi parí nígbà tí wọ́n bá kéde ẹni tó wọlé. EO gbọ́dọ̀ gba BVAS ibùdó kọ̀ọ̀kan padà, kí ó fi nọ́ńbà rẹ̀ wé àkọsílẹ̀, kí ó sì rí i pé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ti wọ ibi ìpamọ́ àjọ kí ẹnikẹ́ni tó tún un tò fún ìbò mìíràn. Ní oṣù Kẹta 2023, ara ohun tó sún ìbò gómìnà láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18 nìyẹn.