Mo sọ wáàtì di ìlọ́po mẹ́rin, abẹ́rẹ́ sún ẹyọ kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Wáàtì 25 ni mò ń lò tẹ́lẹ̀ lórí 7.1 MHz, S7 sì ni ọ̀rẹ́ mi máa ń sọ pé òun fi ń gbọ́ mi lójú S-meter rẹ̀, abẹ́rẹ́ ara rédíò tó ń fi bí sígínà ṣe lágbára tó hàn. Mo wá ra rédíò tuntun tó ń gbé wáàtì 100 jáde. Ọ̀rẹ́ mi ní mo ti di S8. S8 péré! Ṣé rédíò ló ń ṣàìsàn ni, àbí ọ̀rẹ́ mi ló ń jowú? — *Olówó Ṣòfò*

Ìdáhùn: Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ kì í ṣe òjòwú, ara rédíò rẹ náà sì le koko. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀. Láti 1981 ni IARU Region 1, ẹ̀ka kan nínú ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onírédíò amateur, ti fẹnu kò pé kí ẹyọ S kan jẹ́ 6 dB, 6 dB sì ni ìlọ́po mẹ́rin agbára. Wáàtì 25 di 100, ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, ẹyọ kan. Bí o bá fẹ́ S9 lọ́dọ̀ rẹ̀, wàá wá wáàtì 400. Bí o bá tún fẹ́ 6 dB lé e, 1600. O rí ibi tí owó ń gbà lọ.

dB kì í ṣe òṣùwọ̀n bíi mítà tàbí kílò. Ìfiwéra ni: ìlọ́po mélòó ni èyí fi ju ìyẹn lọ? 3 dB jẹ́ ìlọ́po méjì, 10 dB ìlọ́po mẹ́wàá, 20 dB ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Kí ìfiwéra náà má baà máa léfòó, wọ́n fún S9 ní ìdí tó jókòó lé: lábẹ́ 30 MHz, 50 microvolt níbi tí áńtẹ́nà ti wọ rédíò, ìyẹn −73 dBm (73 dB nísàlẹ̀ mílíwáàtì kan). Ní 144 MHz sókè, 5 microvolt péré ni S9.

Ọ̀nà jíjìn náà ń jẹ 6 dB. Ní gbangba tí ohunkóhun ò dí ìgbì lọ́nà, bí o bá jìnnà ní ìlọ́po méjì, ìgbì náà á ti fẹ̀ sórí àyè tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára náà ló máa kàn ọ́. Bó bá jẹ́ èmi ni, áńtẹ́nà ni mo máa kọ́kọ́ náwó lé. Wáàtì ń mú kí wọ́n gbọ́ ọ. Áńtẹ́nà tó dáa ń mú kí ìwọ náà gbọ́ wọn.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé ó ti já láti S9 sí S6. Ẹni ẹlẹ́ni sọ òpó áńtẹ́nà rẹ̀ kalẹ̀. Ó tú kọnẹ́kítọ̀, ó jó òjé sí i lọ́tun, ó tún gbé òpó dúró. Mo ní S6 ṣì ni. Ó tún gùn ún. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i pé bọ́tìnnì ATT, èyí tó ń dín sígínà tó ń wọlé kù, ti wà ní títẹ̀ lára rédíò tèmi. 18 dB ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Bí o bá fi 6 pín 18, wàá rí ẹyọ mẹ́ta tí mo ní kó lọ wá lórí òpó. Títí dòní, bí mo bá fún un ní ìròyìn, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Ṣé o ti wo bọ́tìnnì ẹ?"

Bọ́tìnnì yẹn náà ni wàá fi dán S-meter tìrẹ wò. Wá sígínà tí kì í lọ sókè sódò, tẹ 6 dB, kí o wo bóyá abẹ́rẹ́ á já ní ẹyọ kan. Lára rédíò púpọ̀, pàápàá nísàlẹ̀ S5, á já jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí 3 tàbí 4 dB ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn níbẹ̀. Mi ò ní kó o sọ rédíò nù o. Ṣáà máa fi wé ara rẹ̀: rédíò kan náà, bọ́tìnnì kan náà, fríkúẹ́ǹsì kan náà. Bó bá jẹ́ áńtẹ́nà méjì lò ń dán wò, máa yí láti ọ̀kan sí èkejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, lọ́pọ̀ ìgbà. Ti àná kò ṣeé fi wé ti òní, ojú ọ̀run tó ń dá ìgbì padà sílẹ̀ ti yí padà.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ mi sì dúró sí S7 lórí 7 MHz. Ta ló ń gbé mi gbọ́n? — *Màmá Onírédíò*

Ìdáhùn: Màmá, ẹ yọ áńtẹ́nà kúrò lẹ́yìn rédíò. (Ẹ má tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ nígbà náà o, rédíò lè bàjẹ́.) Bí abẹ́rẹ́ bá já sílẹ̀, ìta ni ariwo ti ń wọlé. Ẹ wá fi bátìrì gbé rédíò, kí ẹ pa iná gbogbo ilé. Bí ariwo bá kú, ọ̀daràn ń bẹ nínú ilé: ẹ máa tan nǹkan padà níkọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi mú un. Ṣájà fóònù, gílóòbù LED àti ínfátà sólà ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tàn yín. Ẹni tó wọlé ní S4 lórí ariwo S1 dùn ún gbọ́ ju ẹni tó wọlé ní S8 lórí S7 tiyín yìí lọ.

Ìbéèrè: Rédíò àfọwọ́mú ni èmi àti ẹnìkejì mi ń lò lórí 145 MHz. Bí mo bá tẹ́ tèmi sórí tábìlì, ohùn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Bí mo bá gbé e dúró, ó dé. Kí ló kan ìgbì nínú ìdúró àti ìdùbúlẹ̀? — *Adúróṣinṣin*

Ìdáhùn: Ó kàn án gan-an. Ipá iná mànàmáná àti ipá òòfà ló jọ ń rìn nínú ìgbì rédíò, bí Maxwell ṣe fi ìṣirò hàn ní 1865. Wọ́n dábùú ara wọn, àwọn méjèèjì sì dábùú ọ̀nà tí ìgbì ń gbà lọ. Ti iná mànàmáná ló ń tẹ̀ lé waya: áńtẹ́nà tó dúró ń rán an ní òòró, èyí tó dùbúlẹ̀ ń retí rẹ̀ ní ìbú. Ní 1888, ní Jámánì, Hertz yí ẹ̀rọ tó fi ń gba ìgbì dùbúlẹ̀, iná kékeré tó ń ta pàrà lára rẹ̀ sì kú.

Níbi tí ẹ ti lè rí ara yín ní gbangba, àdánù náà lè tó 20 dB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ilé, ògiri máa ń dá ìgbì padà, ó máa ń yí i po, ìdí nìyẹn tí o fi ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó wà lórí 7 MHz ò níṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀, torí ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ ń yí ìgbì wọn kó tó balẹ̀. Ní tìrẹ, gbé e dúró.