Ẹ Bi Tíṣà: Kí Ló Dé Tí Wọn Ò Lo Wúrà?

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Rewáyà ni mí, Mọ́kọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹ̀rọ ńlá kan wà ní California, bàbà ni wọ́n fi sí ìdí rẹ̀, wọ́n á tan lésà sí i, ẹ̀lẹ́kítíróònù á sì máa tú jáde. Mo ní irọ́ ni. Bàbà tí mo ń wé lójoojúmọ́? Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ṣebí owó wà lọ́wọ́ wọn, kí ló dé tí wọn ò lo wúrà? Ṣé bàbà náà ò sì ní tán bó bá yá?
Rewáyà kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi bẹ àbúrò yín, òótọ́ ló sọ. LCLS lorúkọ ẹ̀rọ náà, ilé ìwádìí SLAC ní Menlo Park ló wà. Láti 2009 ló ti ń fi ẹ̀lẹ́kítíróònù, ẹyọ iná tín-ín-tín tó ń sáré nínú wáyà yín, ṣe ìtànṣán ẹ́síréè tó lágbára gan-an, ojú bàbà yẹn sì ni wọ́n ti ń gbéra. Photocathode làwọn onímọ̀ ń pè é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti wúrà kúrò nílẹ̀, torí ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Irin kọ̀ọ̀kan ló ní iye agbára tí ẹ̀lẹ́kítíróònù gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kó tó lè kúrò lára rẹ̀, bí owó ibodè. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ló ń san ti ẹ̀lẹ́kítíróònù kan, wọn kì í dáwó jọ. Einstein ló là á yé aráyé lọ́dún 1905. eV ni wọ́n fi ń wọn agbára yìí: owó bàbà tó bíi 4.6 eV, ti wúrà lé ní 5. Lésà LCLS, ultraviolet tí ojú ò lè rí, tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 253 nanometer, bíi 4.9 eV ni ẹyọ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín: ó ká ti bàbà, kò ká ti wúrà.

N ò ní purọ́ pé bàbà lawọ́ o. Ahun ni. Nínú ẹyọ ìmọ́lẹ̀ 100,000 tó bá bà á, ẹ̀lẹ́kítíróònù tó máa yọ lè má ju 1 sí 10 lọ. Magnesium sàn jù ú, 3.66 eV lòun ń gbà, wọ́n sì ti lò ó ní ilé ìwádìí Brookhaven ní New York. Àmọ́ ọ́síjìn ń yára bò ó, àfi kí wọ́n fi lésà fọ ojú rẹ̀. Cesium telluride, èròjà tí wọ́n fi cesium àti tellurium ṣe, ló wá lawọ́ jù: nínú 100, ó lè yọ 10. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i! Láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí dé inú ẹ̀rọ, inú òfìfo ni wọ́n ń gbé e gbà.

Bàbà ò ní wàhálà yẹn. Ẹ lè gbé e kọjá nínú afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ dè é mọ́ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn náà, kó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ara yàrá kékeré tí ẹ̀lẹ́kítíróònù ti ń gbéra gan-an bàbà ni, nítorí náà bàbà tí lésà ń bà yìí fúnra rẹ̀ ni ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Iná inú ibẹ̀ ju mílíọ̀nù 100 fóltì lórí mítà kan lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ iná mọ ohun tí ojú ìsopọ̀ tí kò dán máa fà. Wọ́n ń dán an bíi dígí, torí ojú tó bá rí gbágungbàgun máa ń tú ẹ̀lẹ́kítíróònù ká. Ẹni tó bá sì fi lésà fọ̀ ọ́ ní àfọ̀jù, á dá ihò sí i lára.

Ahun tó jẹ́ ò pa LCLS lára. Ìgbà 120 ni wọ́n ń tan lésà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi bílíọ̀nù kan àbọ̀ ẹ̀lẹ́kítíróònù nígbà kọ̀ọ̀kan, lésà ká a. LCLS-II tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023 ló yàtọ̀: ó lè dé mílíọ̀nù kan ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo ṣírò ẹ̀, ó kéré tán, bàbà á fẹ́ bíi 10 wáàtì ultraviolet láìdáwọ́ dúró, lójú ibi kékeré báyẹn. Cesium telluride ni wọ́n mú, pẹ̀lú gbogbo ìpọ́njú ẹ̀.

Bóyá ó lè tán? Rárá. Ẹ̀lẹ́kítíróònù tó bá jáde, òmíràn ń gba ara ẹ̀rọ wọlé rọ́pò rẹ̀. Ojú bàbà ló ń dọ̀tí, bàbà fúnra rẹ̀ ò dín.