Ẹ Bi Wá: Ọbẹ̀ Tó Pupa Lójú Kọ̀ǹpútà, Tó Ṣú Lórí Ìwé

Àwọn tó ń ṣe dìsáìnì ìwé oúnjẹ àti páálí oúnjẹ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ̀wé sí wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. A ti gé lẹ́tà wọn kúrú kí àyè lè gba ìdáhùn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo to ìwé oúnjẹ kan fún oníbàárà mi. Lójú kọ̀ǹpútà, ọbẹ̀ tòmátò inú rẹ̀ pupa yòò. Nígbà tí ìwé ti ilé ìtẹ̀wé dé, ọbẹ̀ ti ṣú bí omi ẹrẹ̀. Atẹ̀wé ní fáìlì mi ni, èmi náà ní ẹ̀rọ rẹ̀ ni. Ta ló jẹ̀bi?

Ẹ ṣí fáìlì yín wò ná kí ẹ tó bá atẹ̀wé jà. Ìmọ́lẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń gbé àwọ̀ jáde. Yíǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò: sáyáànì (búlúù tó mọ́lẹ̀), màgẹ́ńtà (pupa tó fara jọ àlùkò), yẹ́lò àti dúdú. Pupa kan wà tó ń tàn yanran lójú kọ̀ǹpútà tí yíǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò lè pò jáde láéláé. Bí ẹ bá yí fọ́tò láti RGB (àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà) sí CMYK (àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin yẹn), èyí tó sún mọ́ ọn jù ni kọ̀ǹpútà máa fi dípò, pupa á sì rẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn ṣì ṣeé fara mọ́. Èyí tó ń ba ọbẹ̀ jẹ́ gan-an ni sáyáànì. Òun ni ọ̀tá pupa: bó bá ti wọ inú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọ̀ ilẹ̀ ló máa dà.

Ẹ mú irinṣẹ́ tó ń ka àwọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó pupa jù nínú ọbẹ̀ náà, kì í ṣe ibi tí òróró ti ń dán, kì í ṣe ibi òjìji. Kí màgẹ́ńtà àti yẹ́lò wà láàárín ìdá 85 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún, kí sáyáànì wà láàárín 5 sí 15, kí dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Bí sáyáànì bá ti ń sún mọ́ 30, ọwọ́ yín ti tẹ ọ̀daràn. Ẹ fi curves, irinṣẹ́ àtúnṣe àwọ̀ inú ètò fọ́tò, dín in kù níbi pupa nìkan. Ẹ má yọ ọ́ tán o. Òun ló ń jẹ́ kí ojú rí ibi tí ẹran ti yọrí láàárín ọbẹ̀. Bí kò bá sí rárá, gbogbo rẹ̀ á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ọ̀tá ewé tútù ni màgẹ́ńtà. Ti àwo funfun, kí sáyáànì fi díẹ̀ ju màgẹ́ńtà àti yẹ́lò lọ, bí 5, 3, 3. Bí yẹ́lò bá lé, àwo á dàbí èyí tí wọn kò fọ̀ mọ́.

Ẹ gba ICC profile (fáìlì tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe máa rí lórí ẹ̀rọ àti bébà rẹ̀) lọ́wọ́ atẹ̀wé kí ẹ tó yí fọ́tò kankan, torí bébà dídán àti èyí tí kò dán kì í mu yíǹkì bákan náà. Ẹ bi í pẹ̀lú pé mélòó ni àpapọ̀ yíǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú kan kò gbọ́dọ̀ kọjá. Lórí bébà dídán, ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 300 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí èyí tí kò dán, ó kéré sí i. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, yíǹkì ò ní tètè gbẹ, ojú ewé tó kọjú sí i á sì gbà lára rẹ̀. Kí fọ́tò RGB àkọ́kọ́ wà nípamọ́, torí àwọ̀ tó bá ti sọnù nínú CMYK kì í padà.

Ní ti ẹjọ́ yín: ẹ béèrè proof (ẹ̀dà àyẹ̀wò), ẹ wò ó lábẹ́ iná 5000 K (iná funfun bíi ti ọ̀sán), kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù yàrá, kí ẹ̀yin àti oníbàárà fọwọ́ sí i. Bí ẹ̀rọ bá tẹ ohun tó yàtọ̀ sí proof yẹn, atẹ̀wé ló jẹ̀bi. Láìsí proof tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí, kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi, bó ti wù kó dun oníbàárà tó.

Àwọn tó ra ìwé oúnjẹ wa ń sọ pé ó dára lójú ṣùgbọ́n ó ṣòro láti fi se oúnjẹ. Kí la ṣe tí kò dáa?

A kò rí ìwé náà, ṣùgbọ́n ibi tó sábà máa ń ti bàjẹ́ kò pọ̀. Ẹni tó ń lò ó dúró lórí ìdúró, ìwé wà lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ tutù tàbí kó kún fún ìyẹ̀fun. Kò fẹ́ ṣí ojú ewé. Nítorí náà, kí ìlànà sísè kan bẹ̀rẹ̀ kó sì parí lójú ewé méjì tó kọjú síra. Bó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí ṣíṣí ewé bọ́ sí ibi tí oúnjẹ ti ń sinmi tàbí tó ti wà nínú ààrò, kì í ṣe àárín ìgbà tó ń fi ọwọ́ kan rò ó lórí iná.

Kí lẹ́tà ìgbésẹ̀ tó pọ́ìntì 10 ó kéré tán. Ẹ to èròjà bí wọ́n ṣe máa wọ ìkòkò tẹ̀ léra. Kí ìlà má ṣe gé nọ́ńbà kúrò lára òṣùwọ̀n rẹ̀: bí “250” bá wà níparí ìlà tí “g” wá bọ́ sí ìsàlẹ̀, ẹnìkan á ṣì í kà. Ààyè tí kì í gé (non-breaking space) ni kí ẹ fi sáàárín wọn. Ẹ lo àmì ½ gidi. “1 1/2” tó súnra jù lè di mọ́kànlá lójú ẹni tó ń kánjú. Ẹ kọ “ṣíbí tíì” àti “ṣíbí ìjẹun” tán pátá. Ìkékúrú méjèèjì jọra jù, iyọ̀ tó sì yẹ kó jẹ́ ṣíbí tíì kan á di ìlọ́po mẹ́ta.

Ìwé tí wọ́n kàn fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń padé fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi òwú rán ní ìdì-ìdì (ewé tí wọ́n ká pọ̀) ló ń tẹ́ sílẹ̀, ó wọ́nwó jù, àmọ́ fún ìwé ilé ìdáná, ibẹ̀ ni a máa fẹ́ kí owó lọ dípò lẹ́tà wúrà ara ẹ̀yìn ìwé. Ìdì kan sábà máa ń jẹ́ ojú ewé 16; bí ẹ bá ní 130, ẹ gé e sí 128, àbí ẹ máa sanwó ewé òfìfo. Bó bá sì jẹ́ ti gọ́ọ̀mù ni agbára yín ká, ẹ fi mílímítà 20 sílẹ̀ níhà inú, kí iye èròjà má baà rì sínú ìsépọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù dá ọjà wa padà, wọ́n ní ẹ̀rọ kò ka barcode rẹ̀. Mo kùn ún ní pupa kó lè bá lógò mu.

Pupa yẹn ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ka barcode ń tan iná pupa, ìlà pupa kò sì yàtọ̀ sí funfun lójú iná pupa. Ẹ lo dúdú, tàbí búlúù tó ṣú. Tí ẹ bá fẹ́ràn pupa tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ṣe ẹ̀yìn, kí ìlà jẹ́ dúdú. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́.

EAN-13, barcode olóǹkà 13 tó wà lára ọjà, ní ìwọ̀n tó pé jẹ́ mílímítà 37.29 sí 25.93, pẹ̀lú ààyè òfìfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ lè dín in kù dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kò gbọ́dọ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀. Ààyè òfìfo ọwọ́ òsì jẹ́ 3.63 mm, tọwọ́ ọ̀tún 2.31 mm ní ìwọ̀n tó pé, ibẹ̀ gan-an sì ni dìsáínà máa ń ti ọ̀rọ̀ mìíràn bọ̀. Lára ìgò tó tín-ín-rín, ẹ yí i kí àwọn ìlà rẹ̀ dùbúlẹ̀ bíi ti àkàbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìlà ẹ̀gbẹ́ á yí lọ sẹ́yìn ìgò. Lórí ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí atẹ̀wé kọ́kọ́ tẹ yíǹkì funfun sábẹ́ rẹ̀.

Lébẹ́ẹ̀lì ìgò wa ń hunjọ tó bá ti dé inú fíríìjì. Oníbàárà sì tún ní kí n dín lẹ́tà èròjà kù kí àwòrán lè tóbi.

Bébà ni lébẹ́ẹ̀lì yẹn. Bí ìgò tútù bá bọ́ sínú afẹ́fẹ́ gbígbóná, omi á sun sí i lára, bébà á mu ún, á wú. Ẹ ní kí wọ́n lo polypropylene (irú ọ̀rá kan), pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún ibi tútù, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìgò ṣì gbẹ, tí kò tíì wọ fíríìjì. Òróró tó kán sára ìgò nígbà tí wọ́n ń rọ ọjà sínú rẹ̀ kò ní jẹ́ kó lẹ̀ bó ti wù kó rí. Fún ike tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ, lébẹ́ẹ̀lì tó gún régé á wọ́. Ẹ wọn àyíká òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí atẹ̀wé fi gé ọ̀kọọ̀kan kó tẹ̀ bí ọrun.

Ní ti lẹ́tà, kò sí lọ́wọ́ oníbàárà láti pinnu. Níbi tí òfin Yúróòpù 1169/2011 ti ń ṣiṣẹ́, gíga lẹ́tà x kékeré kò gbọ́dọ̀ dín ní 1.2 mm, bí ojú tó tóbi jù lára páálí bá kéré sí 80 cm², ó lè jẹ́ 0.9 mm. X ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe lẹ́tà ńlá. Pọ́ìntì 7 máa ń tó nínú ọ̀pọ̀ fóǹtì, ṣùgbọ́n èyí tí x rẹ̀ kúrú lè gba 8 tàbí 9. Ìdí rèé tó fi yẹ kí ẹ tẹ òfin ibi tí wọ́n ti máa ta ọjà síwájú oníbàárà kí ẹ tó fa ìlà àkọ́kọ́. Èròjà tó ń bá àwọn kan lára jà gbọ́dọ̀ hàn yàtọ̀, bíi lílo lẹ́tà tó nípọn. Bí àyè kò bá tó, ẹ gé ọ̀rọ̀ ìpolówó.

Oníbàárà ń béèrè fáìlì tó ṣeé ṣí tún ṣe. Ṣé dandan ni kí n fún un?

Ohun tí ẹ kọ sínú àdéhùn ni. Bí ẹ kò bá kọ nǹkan kan, ẹ fún un ní PDF tí wọ́n fi tẹ̀wé àti lógò rẹ̀ ní vector (irú àwòrán tó ṣeé mú tóbi láìbàjẹ́), kí ẹ wá sọ iye tí fáìlì tó kù jẹ́. Ẹ má fi fóǹtì tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ àṣẹ fóǹtì kò gba kí ẹ pín in fún ẹlòmíì, òun náà gbọ́dọ̀ ra tirẹ̀.